Ilé tí Eruku Kò Gbọdọ̀ Wọ̀

Alice, ìyàwó Tíṣà Olúsọjí ní Ùsì, kò fẹ́ràn eruku. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò fẹ́ràn eruku, ṣùgbọ́n tirẹ̀ yàtọ̀. Bí ẹlòmíràn bá rí eruku lórí àga, yóò nù ún, yóò sì jókòó. Bí Alice bá rí i, yóò kọ́kọ́ wò yíká láti mọ ẹni tó gbé e wá.

Ìkọ̀lé ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ọmọdé ni nígbà tí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ Òyìnbó obìnrin kan ní ilé míṣọ́n tó jìnnà. Níbẹ̀ ló ti kọ́ aṣọ lílọ̀, kọ́tìnnì títa, àti bí ènìyàn ṣe ń po tíì tí ife kò fi ní dún. Nígbà tó padà dé, ohun tó níyì jù nínú ẹrù rẹ̀ ni ìka kan. Ìka ìlábẹ̀ ni, èyí tí àwọn ènìyàn yòókù fi ń pọ́n ọbẹ̀ lá. Alice ń fi tirẹ̀ wọ́ orí fèrèsé, a fi wọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, a fi wọ́ abẹ́ tábìlì, yóò sì gbé e sókè níṣojú gbogbo ènìyàn. Bí ìka bá pọ́n, ẹni tó gbálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà wọ gàù.

Ìdajì ilé ló ń gbé. Bàbá ọkọ rẹ̀ ti kọ́ ilé gígùn kan, ó fi ewé gbòdògì bò ó, ó sì kú sínú rẹ̀. Nígbà tí Olúsọjí fẹ́ gbé ìyàwó, ó wó ìdajì ilé náà, ó kọ́ tuntun síbẹ̀: páànù lórí, àjà onípákó tí káfíńtà kàn mọ́ra wọn pinpin, fèrèsé méjì, sìmẹ́ńtì nílẹ̀. Ìdajì kejì kò kúrò lábẹ́ ewé, ìyá Olúsọjí tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró kò sì kúrò nínú rẹ̀. Báyìí ni ilé méjèèjì ṣe fẹ̀yìn ti ara wọn, ọ̀kan funfun bí ẹyin, èkejì dúdú bí ìdí ìkòkò.

Inú ilé funfun ni àwọn ọmọbìnrin tó ń ti oko àti ìletò wá sí ilé-ìwé ìjọ ń sùn, Alice sì ni ìyá ilé wọn. Inú ilé dúdú ni Àwẹ̀ró ti ń se oúnjẹ wọn, nítorí Alice kò lè gba èéfín láàyè lábẹ́ àjà pákó rẹ̀.

"Màmá," a máa sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, torí pé ó mọ ìwà hù, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ti ilẹ̀kùn yín. Èéfín yín ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa."

"Èéfín ulé mi kì í gba ẹnu ọ̀nà," Àwẹ̀ró á dá a lóhùn. "Orí òrùlé ló ń gbà lọ. Ó ti ń gba ibẹ̀ kí n tó bí ọkọ rẹ. Bí o bá rí èyí tó yà lọ́dọ̀ rẹ, ó fẹ́ wo ojú ìyàwó ni."

Alice tún ń kọ́ àwọn ọmọ náà ní ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ní ilé-ìwé. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni tó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yóò gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Kí ni a ń ṣí fèrèsé fún?"

"Kí afẹ́fẹ́ tó ti bàjẹ́ lè jáde, kí èyí tó mọ́ lè wọlé!"

"Ta ni kì í ṣí fèrèsé?"

"Ọ̀lẹ àti aláìmọ̀kan!"

Wọn a pariwo ìdáhùn kejì yìí ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé olúkúlùkù wọn ló mọ ẹni tí òun ń bá wí nílé.

Nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, Ẹ̀bùn ló jẹ Alice ní bàtà jù. Àìmọye ìgbà ló fẹsẹ̀ rìn lọ sí Àsìn kí bàbá ọmọ náà, Ògúnrìndé, tó gbà kó wá. Àgbẹ̀ ni Ògúnrìndé, Ògún ló ń bọ, kò sì mọ ohun tí ọmọbìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe. Yàtọ̀ sí èyí, ìdílé kan ti ń wá bá a kọ ebè lọ́dọọdún nítorí pé wọ́n fẹ́ fi Ẹ̀bùn ṣe ìyàwó ọmọ wọn, ebè wọn sì dára.

"Mísísì," Ògúnrìndé sọ níkẹyìn, "ẹnu rẹ dùn, o ti borí mi. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí. Mo fà á lé ọ lọ́wọ́ láàyè. Bí orí bá fọ́ ọmọ mi péré nínú ulé yín, mò ń bọ̀ wá mú un. Àwọn tó ń kọ ebè fún mi kò tí ì lọ."

"Nínú ilé tèmi, bàbá?" Alice rẹ́rìn-ín. "Orí fífọ́ kò mọ ọ̀nà ibẹ̀."

Báyìí ni Ẹ̀bùn ṣe wá sí Ùsì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti ń ka Bíbélì fún Àwẹ̀ró lẹ́bàá ààrò, ó sì ti ń tún ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ṣe ní ọkàn rẹ̀, èyí tí í ṣe àmì pé ìwé ti ń wọ̀ ọ́.

Ọyẹ́ ọdún tó ṣáájú ogun Hítílà mú. Ètè ń là, gìgísẹ̀ ń là, ilẹ̀kùn pákó pàápàá là. Láàárín ọyẹ́ yìí ni iṣẹ́ dé pé Òyìnbó obìnrin ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì láti wo ibi tí àwọn ọmọbìnrin ń sùn. Kì í ṣe Òyìnbó mìíràn. Ẹni tó kọ́ Alice ní ìka wíwọ́ gan-an ni.

Alice kò sùn dáadáa mọ́. Ó tẹ́ aṣọ funfun sórí ẹní gbogbo àwọn ọmọ náà. Kí ó tó tẹ́ èyí tó kẹ́yìn tán, èyí àkọ́kọ́ ti pọ́n. Ó gbọ̀n wọ́n, ó fọ̀ wọ́n, ó sá wọn. Wọ́n tún pọ́n lórí okùn. Ó wá jókòó, ó ro ọ̀rọ̀ náà bí ọ̀mọ̀wé. Bí eruku bá ń wọlé, ó ní ibi tó ń gbà wọlé. Ó ti fèrèsé méjèèjì pa. Ó po ògì gbígbóná, ó fi lẹ ìwé ìròyìn àtijọ́ mọ́ gbogbo ojú ibi tí pákó ti là. Nígbà tí ìwé ìròyìn tán, ó fa ewé díẹ̀ ya nínú ìwé ìmọ́tótó rẹ̀, apá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa eyín fífọ̀, torí pé ó ti mọ ìyẹn sórí. Ó fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ó gun àga, ó fi òwú dí àlàfo tó wà láàárín ògiri àti àjà. Bó ti ń sọ̀ kalẹ̀, àkísà ku ọ̀kan, ó fi dí ihò kọ́kọ́rọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó kó aṣọ ilé-ìwé gbogbo wọn jọ kó lè lọ̀ wọ́n. Ìta ni wọ́n ti máa ń lọ aṣọ, ṣùgbọ́n ìta ni eruku wà. Ó wa ẹ̀yinná kún ìkòkò fífẹ̀ kan níbi ààrò Àwẹ̀ró, ó gbé e wọ inú ilé funfun, ó ń bù ú sínú áyọ́ọ̀nù, ó ń lọ aṣọ. Kò sí èéfín kankan. Ẹ̀yinná tó ti jóná dáadáa kì í rú, ìyẹn ló sì tẹ́ Alice lọ́rùn nípa rẹ̀. Nígbà tó parí, ìdajì ìkòkò náà ṣì pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó sì fẹ́ gbé e jáde.

"Mísísì, Mà," Bọ́sẹ̀, tó dàgbà jù nínú wọn, bẹ̀ ẹ́, "ẹ fi sílẹ̀ fún wa. Òtútù ń pa wá."

Kò sí ohun àjèjì nínú ẹ̀bẹ̀ yìí. Ní gbogbo Èkìtì, bí ọyẹ́ bá mú, a máa ń gbé ìkòkò ẹ̀yinná sáàárín àwọn tó ń sùn. Àwọn baba ńlá ọmọ wọ̀nyẹn sùn tì í títí wọ́n fi hu ewú. Abẹ́ ewé ni wọ́n sì sùn sí.

"Ó dáa," Alice sọ, "ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn. Bí mo bá rí eruku lára aṣọ funfun kan lọ́la, ẹ óò mọ̀ mí."

"A ò ní ṣí i, Mà!"

Ẹ̀bùn tẹ́ ẹní tirẹ̀ sún mọ́ ìkòkò náà jù, torí pé òtútù kì í jẹ́ kó sùn. Alice fa ilẹ̀kùn mọ́ wọn, ó tẹ àkísà wọlé dáadáa láti ìta, ó sì lọ sí yàrá tirẹ̀ lódìkejì, níbi tí ọkọ rẹ̀ kò sí. Olúsọjí ti lọ sí ìpàdé àwọn tíṣà.

Ní òwúrọ̀, ó lu agogo àdúrà. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún un lù.

"Ẹ̀yin ọmọ ọ̀lẹ!" ó kígbe níwájú ilẹ̀kùn. "Lọ́jọ́ tí Òyìnbó ń bọ̀!"

Ó gbọ́ nǹkan tó ń wọ́ nílẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, Bọ́sẹ̀ sì rá jáde lórí orúnkún, ó ṣubú lé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ooru tó tẹ̀lé e jáde dà bí èémí ẹranko. Àwọn yòókù ń kérora lórí aṣọ funfun wọn, ọ̀kan ń pe ìyá rẹ̀, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín láìnídìí. Ẹ̀bùn kò ṣe ọ̀kankan. Alice gbọ̀n ọ́n, orí rẹ̀ yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì.

Igbe rẹ̀ ló kó àdúgbò jọ. Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ dé, bó ti jẹ́ àgbà tó, ó gbé Ẹ̀bùn ní apá bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́, ó gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n kó síbẹ̀. Wọ́n ń fẹ́ wọn, wọ́n ń bu omi sí wọn lójú, wọ́n ń pe orúkọ wọn. Ẹ̀bùn pẹ́ kó tó sín. Nígbà tó sín, àwọn obìnrin hó.

"Ẹ̀bùn! Ta nìyí?" Àwẹ̀ró na ìka sí Alice.

Ọmọ náà wò ó. "Mísísì," ó sọ. "Orí ń fọ́ mi, Mà."

Orí ń fọ́ ọ. Alice gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì gbọ́ ohùn Ògúnrìndé nínú rẹ̀. Ó sáré padà sínú ilé funfun bí ẹni fẹ́ mú nǹkan. Ìkòkò náà wà láàárín ẹní, eérú rẹ̀ ṣì gbóná. Ó wò ó, ó wo ògì tó ti gbẹ lára fèrèsé, ó wo òwú tó wà lókè. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún un. Òun ni olùkọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ta ni kì í ṣí fèrèsé?

Ìyá Wálé, aládùúgbò tí ọ̀rọ̀ kì í sú, ti tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà. "Mísísì, kí ni wọ́n jẹ?"

Ẹsẹ̀ Alice ló ṣe é, kì í ṣe òun. Ẹsẹ̀ ti ìkòkò náà sábẹ́ tábìlì, ọwọ́ fa aṣọ tábìlì bò ó. Ẹnu wá sọ pé: "Ọ̀dọ̀ Màmá ni wọ́n ti jẹun lálẹ́ àná. Iyán ni."

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Wọ́n jẹ iyán, ọ̀dọ̀ Màmá ni wọ́n sì ti jẹ ẹ́. Irọ́ ì bá sàn jù, ènìyàn lè di irọ́ mú kó nà án. Ìyá Wálé kò béèrè ohun mìíràn. Ó yí padà, ó sì ti ní iṣẹ́ ṣe ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Kí oòrùn tó kàn tàrí, wọ́n ti ń sọ ọ́ lójà. Ẹnìkan ní iṣu náà ni kò dára. Ẹlòmíràn ní kì í ṣe iṣu, ọwọ́ tó gún un ni. Àwọn tó ti jẹ iyán Àwẹ̀ró fún ogún ọdún rántí pé inú ti run àwọn rí.

Àwẹ̀ró wá bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń ya ìwé kúrò lára fèrèsé kánmọ́kánmọ́.

"Ìyàwó, wọ́n ní uyán mi ni."

"Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Mo mọ̀ pé o kò sọ bẹ́ẹ̀. Kí lo sọ?"

Alice ń ya ìwé. Àwẹ̀ró ronú sí ibòmíràn. "Èmi náà jẹ nínú rẹ̀, kò ṣe mí ní nǹkan. Àbí ti àgbà yàtọ̀? Ẹ̀fọ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ kòtò ni mo ti já a. Mo fọ̀ ọ́ o. Bóyá n kò fọ̀ ọ́ tó. Ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́."

"Màmá..."

"Jẹ́ kí n lọ da ọbẹ̀ tó kù nù."

Ó lọ. Ó da ọbẹ̀ nù, ó da ìkòkò epo pupa rẹ̀ nù tì í, epo tó fúnra rẹ̀ fọ̀. Ó wá gbé odó jáde sí gbangba, ó ń fi iyanrìn ha inú rẹ̀, ó ń ha á bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí òun yóò bá. Alice ń gbọ́ ọ láti inú ilé. Ohùn odó tí wọ́n ń ha kì í ṣe ohùn tó le, ṣùgbọ́n ó rí etí wọ̀.

Òyìnbó dé lọ́sàn-án. Wọ́n ti ṣí fèrèsé, wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ, àwọn ọmọ sì tò sí ìlà, ojú wọn rẹ̀. Ó na ìka, ó fi wọ́ orí fèrèsé, ó gbé e sókè. Funfun báláú.

"Alice," ó sọ, ní Yorùbá tó ń gun òkè níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀, "inú mi dùn púpọ̀. Nínú gbogbo ilé tí mo ti wò, tìrẹ ló mọ́ jù." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo gbọ́ nípa oúnjẹ. Ṣé ìyá arúgbó yẹn ló sè é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Òtítọ́ kejì nìyẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Òyìnbó pàṣẹ pé àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, ó ní kí ilẹ̀kùn tó ti yàrá Alice wọ inú ilé dúdú di títì. Àwẹ̀ró, tó wà lórí ìjókòó lẹ́bàá ààrò, rí i tí wọ́n tì í. Ó dìde, ó fi ọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ náà wò bóyá ó dúró dáadáa, kí àwọn ọmọ lè wà láìléwu.

Láti ọjọ́ yẹn, Alice ló ń se oúnjẹ: iṣu bíbọ̀ àti tíì. Tíì náà kò dún nínú ife. Òun fúnra rẹ̀ kò lè gbé e mì.

Ní òwúrọ̀ Ajé, Ògúnrìndé wọlé láti Àsìn. Apẹ̀rẹ̀ ńlá wà lórí rẹ̀ tí yóò fi gbé ẹrù Ẹ̀bùn, àkùkọ pupa kan sì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Alice kúnlẹ̀ kí i, ó ń dúró de èébú. Èébú kò dé. Ó na àkùkọ náà sí i.

"Gbà, Mísísì. Wọ́n sọ fún mi bí o ṣe kígbe, bí o ṣe gbé ọmọ mi jáde. Ìwọ kò ṣẹ̀ mí. Bí kì í bá ṣe ìwọ ni, òkú ni ǹ bá wá gbé."

Àwẹ̀ró ló gbé ọmọ náà jáde, síbẹ̀ Alice gba àkùkọ náà. Kò mọ ohun mìíràn tí ènìyàn lè fi àkùkọ ṣe bí wọ́n bá na án sí i.

"Ṣùgbọ́n mò ń mú un lọ," Ògúnrìndé tẹ̀síwájú. "Mo sọ fún ọ tẹ́lẹ̀. Ìyá àgbà tó wà nínú ulé yẹn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Àwọn àna mi ti gbọ́, wọ́n ní kí n jẹ́ kí ọmọ náà wá sọ́dọ̀ àwọn kí ọyẹ́ tó lọ. Mo ti gbà."

Ẹ̀bùn ti gbọ́. Ó jáde, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin torí ìkúnlẹ̀ kò tó. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Orí kò fọ́ mi mọ́."

"Gbé ẹní rẹ."

"Bàbá..."

"Mo ní gbé ẹní rẹ!"

Àdúgbò ti ń kó jọ, Ìyá Wálé ló ṣíwájú. Ìgbà náà ni Àwẹ̀ró jáde láti inú ilé dúdú. Ó wá síwájú ọkùnrin tó lè bí lọ́mọ yìí, ó sì kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Bàbá Ẹ̀bùn, má bínú. Ojú mi ni kò ríran dáadáa. Ẹ̀fọ́ ẹ̀gbẹ́ kòtò ni. Má fi tèmi mú ọmọ náà kúrò nídìí ìwé. Ó ń ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fún mi. Èmi ni kí n kúrò. N óò lọ bá àbúrò mi ní Ìfisìn."

Alice wo ìyá ọkọ rẹ̀ lórí orúnkún, ó wo orúnkún náà. Ó ti pọ́n fún eruku.

"Màmá, ẹ dìde," ó sọ. "Kì í ṣe iyán. Èmi ni."

"Kí ló ń sọ?" Ìyá Wálé béèrè.

"Èmi ni! Mo fi àkísà dí ilé, mo gbé ẹ̀yinná sílẹ̀ fún wọn, mo ní kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ inú ilé náà ló bàjẹ́. Mo mọ̀ láti òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo mọ̀, n kò sì sọ."

Àgbà obìnrin kan nu ojú rẹ̀. "Ẹ wo ìyàwó," ó sọ. "Ẹ wo ìyàwó tí ń gba ẹ̀bi ìyá ọkọ rẹ̀ rù! Àwọn tiwa a máa kó tiwọn lé wa lórí ni."

"Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni!" ẹlòmíràn gbè é. "Ìkọ̀lé kúkú ni wọ́n ti fẹ́ ẹ."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀," Alice sọ. "Òótọ́ ni mò ń sọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ọlọ́run á san án fún ọ."

Ògúnrìndé pàápàá mi orí, ojú rẹ̀ rọ̀. "Mísísì, ìyàwó rere ni ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yinná? Ẹ̀yinná tí bàbá mi sùn tì títí ó fi gbàgbé orúkọ ara rẹ̀? Jẹ́ kí á lọ, Ẹ̀bùn."

Bí wọ́n bá ti bú u, bóyá ì bá rọrùn fún un. Wọ́n ń yìn ín. Irọ́ rẹ̀ ni wọ́n gbà gbọ́, òótọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń fi ọwọ́ pa lórí bí ọmọ tó ń ṣeré. Ó wo yíká, kò rí ìrànlọ́wọ́ kankan. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni àkùkọ.

"Bàbá," ó sọ, "ẹ jókòó. Mo bẹ̀ yín. Bí mo bá ṣe èyí tán, tí ẹ ṣì fẹ́ mú un, ẹ máa mú un lọ."

Ó wọlé, ó kó gbogbo rẹ̀ jáde níṣojú wọn. Ó kó àkísà: ọ̀kan, èjì, aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, kò fi pamọ́. Ó kó òwú. Ó kó ìwé tó ti ya kúrò lára fèrèsé, tí ògì ti mú le, àwòrán eyín sì wà lára wọn. Ó gbé ìkòkò náà láti abẹ́ tábìlì, ó lọ sínú ilé dúdú, ó wa ẹ̀yinná kún un. Ó ti fèrèsé. Ó po ògì, ó ń lẹ̀ ẹ́, àwọn ènìyàn ń wò ó. Ó gun àga, ó ń ti òwú bọ àlàfo. Ìyá Wálé, tó rò pé ìyàwó ti ń ya wèrè, rọra sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé tirẹ̀.

"Ṣé báyìí ni ilé náà rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn?" Ògúnrìndé béèrè lọ́wọ́ Bọ́sẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá," Bọ́sẹ̀ sọ. Ó wo Alice. "Ó ku ihò kọ́kọ́rọ́."

Alice gbé àkùkọ náà sábẹ́ apẹ̀rẹ̀ Ògúnrìndé, ó gbé apẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ó jáde, ó fa ilẹ̀kùn, ó dí abẹ́ rẹ̀, ó sì dí ihò kọ́kọ́rọ́.

Wọ́n jókòó. Àkùkọ kọ lẹ́ẹ̀kan nínú ilé, àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ó tún kọ, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò kọ mọ́. Wọ́n dúró bí ìgbà tí obìnrin ń dúró de ẹ̀wà kó jinná, ẹ̀rín sì tán díẹ̀díẹ̀. Àwẹ̀ró, tí wọ́n ti gbé dìde, kò wo ilẹ̀kùn náà. Ojú Alice ló ń wò.

Ògúnrìndé fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ooru yẹn bọ́ sí i lójú, ó sì fà sẹ́yìn. Ó di imú, ó wọlé, ó fa apẹ̀rẹ̀ jáde. Àkùkọ náà dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹnu rẹ̀ là, ọrùn rẹ̀ rọ̀ bí okùn. Ògúnrìndé wò ó pẹ́. Ẹ̀bùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ẹyẹ, ó tún wo ọmọ.

"Mísísì," ó sọ, ohùn rẹ̀ kò sì rọ̀ mọ́, "ìwọ ni."

"Èmi ni, bàbá."

"O sì jẹ́ kí ìyá yìí kúnlẹ̀ fún mi."

"Mo jẹ́ kó kúnlẹ̀."

Ẹnikẹ́ni kò yìn ín mọ́. Ìyá Wálé ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, nítorí òun náà ti rìn púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ògúnrìndé gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé e lé orí lófìfo.

"Ẹ̀bùn á dúró," ó sọ. "Ohun tí mo mọ̀ kò bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n kò ní sùn nínú ulé funfun yẹn mọ́ láéláé. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni. Ìyá, ṣé ẹ gbà á?"

"Ṣé o tún ń béèrè?" Àwẹ̀ró dáhùn. Ó yíjú sí Alice fún ìgbà àkọ́kọ́, kò bú u, kò sì rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, epo mi ti tán. Mo dà á nù."

Alice ló ra epo mìíràn. Alice ló sì ń gún iyán náà láti ọjọ́ yẹn, ní ìta gbangba, nínú odó tí wọ́n ti ha títí ara rẹ̀ fi fẹ́lẹ́, òun tí kò gún iyán rí nítorí kí ọwọ́ rẹ̀ má baà le. Gbogbo àwọn ọmọ tẹ̀lé Ẹ̀bùn lọ sùn lábẹ́ ewé. Olúsọjí dé láti ìpàdé, ó gbọ́, ó pe káfíńtà, wọ́n sì yọ pákó àjà méjì méjì kúrò nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Eruku wá ń wọlé bó ṣe fẹ́. Nígbà tí Òyìnbó tún dé, tó na ìka, tó gbé e sókè, tó béèrè pé kí ni èyí, Alice ní, "Eruku ni, Mà." Ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún un, láti orí ògì. Òyìnbó kò sọ pé inú òun dùn.

Àkùkọ náà kò kú. Ó sùn lábẹ́ igi títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó dìde, ó ń ta gẹ́ẹ́gẹ́ẹ́. Ògúnrìndé kò gbà á padà, kò sì sẹ́ni tó lè jẹ ẹ́. Ó ń gbé nínú ọgbà, ó ń sanra, kì í sì dé ẹnu ọ̀nà ilé funfun láéláé. Bó bá fẹ́ kọjá, ó ń fi ẹ̀yìn ilé dúdú yípo. Ní ọdún Kérésìmesì kọ̀ọ̀kan, àlejò kan kò ní ṣe aláìwò ó.

"Mísísì, àkùkọ ńlá yìí, kí lẹ tún ń dúró dè tí ẹ kò pa á?"

Àwẹ̀ró, lórí ìjókòó rẹ̀, yóò wo ojú ìyàwó rẹ̀. Alice yóò gbé ọmọ odó sílẹ̀, yóò nu ọwọ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ibẹ̀rẹ̀.